Ọ́síjìn inú ilé irin: ṣé ó lè wo òtútù àyà tí fáírọ́ọ̀sì fà?

Láti ìgbà tí Kòrónà ti jà ní 2020 ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn, kò sì tíì rọlẹ̀. Wọ́n ní bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ẹni lẹ́dọ̀fóró, kí wọ́n gbé e sínú ilé irin kan, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n fún afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, kí ó máa mí ọ́síjìn gidi, ara rẹ̀ á yá. Ní báyìí, ọjà náà ti jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Ilé ìtọ́jú ẹwà àti ilé eré ìdárayá ń polówó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àpò rírọ̀ tí ènìyàn lè fẹ́ sínú yàrá ara rẹ̀ sì wà fún títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátá. Àmọ́ òótọ́ inú rẹ̀ ní ibi tó mọ, ibẹ̀ kọ́ sì ni àwọn tó ń tà á ń dá a dúró sí.

Ẹlẹ́rìndòdò àti ẹ̀jẹ̀

Ẹni tó bá ti wo ìgò ẹlẹ́rìndòdò dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n fi agbára ti gáàsì wọ inú omi aládùn, wọ́n sì dé e pa. Bí ìdérí bá ṣì le, ẹ ò ní rí gáàsì kankan, ó ti yòrò sínú omi. Ẹ ṣí i, ó hó. Bí afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi bá ṣe fún pọ̀ tó ni gáàsì tí omi náà máa gbà ṣe ń pọ̀ tó. Bí ti ẹ̀jẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn.

Ọ́síjìn kì í sábà fẹsẹ̀ rìn nínú ẹ̀jẹ̀, ọkọ̀ ló máa ń wọ̀. Ọkọ̀ náà ni hímóglóbìn, ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, ọ́síjìn tó wà nínú ọkọ̀ yìí tó bíi mílílítà 20. Èyí tó kàn yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.3 lọ. Tí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wọn ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ bá kọ 98 nínú 100, ìjókòó inú ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nìyẹn. Ẹ ìbáà tú ọ́síjìn gbogbo ayé lé e lórí, kò sí àyè mọ́.

Ọ̀nà kejì yẹn, ti èyí tó yòrò, ni ilé irin ń lò, nítorí kò ní iye ìjókòó. Ká pe afẹ́fẹ́ tó wà lára gbogbo wa lórí ilẹ̀ ní ìwọ̀n 1. Ẹni tó bá wẹ̀ lọ sí mítà 10 nísàlẹ̀ omi ti dé ìwọ̀n 2, mítà 20 jẹ́ ìwọ̀n 3. Tí ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá bá ń mí ọ́síjìn gidi ní ìwọ̀n 1, ohun tó yòrò á sún mọ́ mílílítà 2 nínú 100. Ní ìwọ̀n 2, á lé ní 4. Ní ìwọ̀n 3, á tó 6. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í gbà ju nǹkan bíi 5 lọ lọ́wọ́ 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá lára rẹ̀. Nítorí náà, ní ìwọ̀n 3, ọkọ̀ lè ṣófo kí èrò sì délé. Ní Amsterdam, dókítà oníṣẹ́ abẹ Ite Boerema fi èyí hàn ní 1960: ó fa ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ẹlẹ́dẹ̀ títí hímóglóbìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn, ó fi omi mìíràn rọ́pò rẹ̀ nínú yàrá oníwọ̀n 3, wọn ò sì kú.

Àwọn oníwẹ̀ inú òkun wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ilé irin yìí gbà là. Ọ̀kan nínú ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá etíkun Nàìjíríà níbí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé, ó sì rì sí nǹkan bíi mítà 30. Harrison Okene, tó ń dáná nínú ọkọ̀ náà, fi nǹkan bíi wákàtí 60 wà nínú afẹ́fẹ́ tó há sí kọ̀rọ̀ kan kí àwọn oníwẹ̀ tó bá a. Ká ní wọ́n fà á sókè ní wàràǹṣeṣà ni, gáàsì náítírójìn tó ti yòrò sí i lára ìbá hó bí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣí. Inú ilé irin ni wọ́n gbé e sí, wọ́n wá ń dín ìwọ̀n náà kù díẹ̀díẹ̀ fún ohun tó lé ní ọjọ́ méjì.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró tó ṣàìsàn

Tí fáírọ́ọ̀sì bá sọ̀kalẹ̀ dé àyà, àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Àwọn kan, ara ògiri wọn wú; afẹ́fẹ́ ń dé inú wọn, àmọ́ ọ́síjìn kò tètè ráyè kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Irú àpò bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́ ti ìwọ̀n 2, nítorí ohun tó ń ti ọ́síjìn láti ẹ̀yìn ti le sí i. Àwọn mìíràn kún fún omi pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn yẹn kọjá, bó ṣe wọlé náà ló ṣe ń jáde, kò sí ìwọ̀n tó lè ràn án lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo tó kù ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ti ibi tó dára wá gbé ọ́síjìn yíyòrò lọ́pọ̀, tí ó bá sì pàdé èyí tí kò rí nǹkan gbà, á bu díẹ̀ fún un. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè gbé ẹni tí ẹ̀rọ ìka kọ 85 fún wọlé, tí ètè rẹ̀ tó ti dúdú á sì padà pọ́n kí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kọjá.

Ẹ wá dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ bi ìbéèrè kan: tó bá jáde ńkọ́? Ìtọ́jú kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú 120 lọ. Ìṣẹ́jú 1,440 ló wà nínú ọjọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ọ́síjìn tó yòrò yẹn ti lọ, omi tó wà nínú àpò afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀. Ọ́síjìn náà kì í pa fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀dọ̀fóró. Kí ìtọ́jú yìí tó lè jẹ́ ìwòsàn, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀ tí á máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí àwọn tó gbà á gbọ́ ń tọ́ka sí ni pé ó ń bu omi pa iná tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn dá sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ṣeé ṣe, àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan sì fara jọ ọ́. Ìwádìí ló yẹ kó sọ bóyá ìyẹn tó gba ẹ̀mí là.

Ohun tí wọ́n ti dán wò

Ọ̀rọ̀ yìí ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Nígbà àrùn gágá ọdún 1918, èyí tí ọkọ̀ ojú omi gbé wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, dókítà kan ní Kansas City tó ń jẹ́ Orval Cunningham ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń gbé lórí òkè gíga, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ni àrùn náà ń pa jù. Ó ní tí afẹ́fẹ́ fífẹ́lẹ́ bá ń pa wọ́n, afẹ́fẹ́ àfúnpọ̀ á gbà wọ́n là. Ó fi àwọn aláìsàn sínú àgbá irin, afẹ́fẹ́ lásán ló sì fún pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọ́síjìn. Àwọn kan yè. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgbá náà tọ́jú àtọ̀gbẹ, àrùn sífílísì àti jẹjẹrẹ. Ní 1928, olówó kan tó ń jẹ́ Henry Timken kọ́ bọ́ọ̀lù irin alájà márùn-ún fún un ní Cleveland, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 64. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní kó mú ẹ̀rí wá. Kò mú un wá. Ilé náà dákú, nígbà tó sì di 1942, wọ́n já a ta fún irin ogun.

A dárúkọ Cunningham nítorí àṣìṣe rẹ̀ ṣì wà lóde: ẹni tó yè ló ń kà, kò ní àwọn aláìsàn mìíràn tí wọn ò wọ àgbá láti fi wé e.

Nígbà tí Kòrónà dé, ìtàn náà fẹ́ tún ara rẹ̀ sọ. Ní Wuhan, wọ́n ròyìn aláìsàn 5. Ní Opelousas, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, aláìsàn 5 mìíràn tí wọ́n ti ń ro bí wọ́n ṣe máa gbé sórí ẹ̀rọ amúnimí wọ ilé irin, gbogbo wọn sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ènìyàn 10 ni gbogbo wọn. Ilé ìwòsàn kan ní Long Island ní New York sún un síwájú díẹ̀: aláìsàn 20 gba ìtọ́jú náà ní ìwọ̀n 2 fún ìṣẹ́jú 90, ó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wọ́n sì wá aláìsàn 60 tó jọ wọ́n láti fi wé wọn. Nínú 20 yẹn, ẹni 2 ló kú. Nínú 60, ẹni 13. Ó dára létí. Àmọ́ wọn ò ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tó máa wọlé, ẹni tó sì lè dùbúlẹ̀ nínú àgbá fún wákàtí kan àbọ̀ lè ti lágbára ju ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Argentina ni wọ́n ti ṣẹ́ gègé. Ènìyàn 40, 20 síhìn-ín, 20 sọ́hùn-ún. Ìwọ̀n tí wọ́n lò kò ga, 1.45 péré, fún ìṣẹ́jú 90. Àwọn tó wọlé, ọjọ́ 3 ni ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wọn fi padà bọ̀ sípò. Àwọn yòókù, ọjọ́ 9. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí ó tó pé iye ènìyàn tí wọ́n pinnu, nítorí ìyàtọ̀ náà ti hàn. Ìyàtọ̀ náà wúni lórí, ṣùgbọ́n ẹni 40 kò lè sọ fún wa bóyá ikú dín kù. Ẹ fi wé dexamethasone, oògùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n dán wò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020: ènìyàn tó lé ní 6,000, mílígíráàmù 6 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 ó pẹ́ jù, ikú sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù láàárín àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí. Ilé irin kò tíì ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún fáírọ́ọ̀sì kankan. Ní oṣù Keje ọdún 2021, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò fọwọ́ sí i fún Kòrónà. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni àìsàn àwọn oníwẹ̀, májèlé èéfín bí irú ti jẹnẹrétọ̀, egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ tó kọ̀ tí kò san, ara tí ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ti jó, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti àwọn tí Kòrónà ti lọ lára wọn tí àárẹ̀ àti ìgbàgbé kò sì lọ yàtọ̀ díẹ̀. Ní Ísírẹ́lì, ìwádìí tó jáde ní 2022 pín ènìyàn 73 sí méjì. Apá kan gba ìtọ́jú ìgbà 40 ní ìwọ̀n 2. Apá kejì wọ ilé irin kan náà, wọ́n gbọ́ ariwo kan náà, àmọ́ ìwọ̀n 1.03 àti afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n fún wọn, kí wọ́n má baà mọ̀. Àwọn tó gba gidi sàn jù ní ti ìrònú, agbára àti oorun. Ó ṣeé gbé yẹ̀ wò. Àmọ́ ẹni tí kò lè mí lónìí kọ́ lọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ibi tó ti ń bàjẹ́

Kí aláìsàn tó wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwòrán àyà rẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ti lu, tí afẹ́fẹ́ há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọlé rárá àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi rọ́bà fa afẹ́fẹ́ náà jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé gáàsì tó bá há sínú ara ní ìwọ̀n 2 á wú di ìlọ́po méjì nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ padà sí 1. Àpò tó ń mí pẹ̀lú ìnira á wá bẹ́ bí táyà tí wọ́n pọ́ńpù jù. Ẹ̀dọ̀fóró tí fáírọ́ọ̀sì ti jẹ, tí ẹ̀rọ amúnimí sì ń tì, wà nínú ewu yìí ju ti ẹni tó ní egbò ẹsẹ̀ lọ.

Wọ́n á wo etí, wọ́n á wọn ìgbóná ara, wọ́n á wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ nítorí ó máa ń já wálẹ̀ nínú ilé irin. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú rú níbí: ọ̀fìnkìn máa ń di ihò tó so imú pọ̀ mọ́ etí, ẹni tí ihò yẹn bá sì dí kò ní lè bá ìwọ̀n náà dọ́gba, etí rẹ̀ lè ya. Ibà máa ń mú kí gìrì tètè gbé ènìyàn nínú ọ́síjìn tó le. Ọ̀fìnkìn àti ibà, àmì méjèèjì tí fáírọ́ọ̀sì kọ́kọ́ máa ń gbé dé, ló máa ń mú kí dókítà sọ pé kí aláìsàn egbò lásán lọ sinmi, kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Aṣọ òwú ni wọ́n ń wọ̀ wọlé. Kò sí wíìgì, kò sí ìpara, kò sí Vaseline, kò sí òróró irun, kò sí fóònù, kò sí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni wọ́n fi ń gbé ìwọ̀n náà sókè. Aláìsàn á máa gbé itọ́ mì, tàbí kí ó dí imú kó sì fẹ́ ẹ, bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí bàálù bá ń balẹ̀. Bí etí bá dùn ún, kí ó sọ kíá. Ẹni tó ń wò ó á dúró, á sọ ìwọ̀n náà kalẹ̀ díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti mọṣẹ́, wọ́n máa ń fún un ní afẹ́fẹ́ lásán fún ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 tàbí 30, kí ọ́síjìn má baà di májèlé fún ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí gìrì bá mú un, wọn ò gbọdọ̀ sáré já ìwọ̀n náà wálẹ̀ nígbà tó bá séèémí. Wọ́n á yọ ọ́síjìn, wọ́n á dúró kí mímí padà.

Ilé irin ẹlẹ́nì kan ní wàhálà mìíràn. Aláìsàn wà nínú rẹ̀ lóun nìkan, nọ́ọ̀sì ń wò ó láti ìta. Bí ikọ́ bá há a, tí mímí rẹ̀ bá dín, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án títí ìwọ̀n á fi wálẹ̀, ìyẹn sì ń gba ìṣẹ́jú. Ilé irin ńlá tí ènìyàn púpọ̀ ń jókòó sí gba nọ́ọ̀sì láyè láti wọlé, àmọ́ ikọ́ ẹnì kan di ti gbogbo wọn nìyẹn. Fífọ̀ ọ́ mọ́ pàápàá kò rọrùn: ọtí tí ilé ìwòsàn fi ń pa kòkòrò máa ń mú kí ara gíláàsì oníke rẹ̀ sán wẹ́wẹ́, ọtí tó bá sì ṣẹ́kù nínú rẹ̀ di epo fún iná.

Iná ni kì í fún ènìyàn láyè láti tún un ṣe. Ní 1997, ní Milan, ènìyàn 11 jóná nínú ilé irin ilé ìwòsàn kan. Ní oṣù Kíní ọdún 2025, ọmọ ọdún 5 kú nínú ọ̀kan ní Troy ní ìpínlẹ̀ Michigan. Nínú ọ́síjìn gidi, aṣọ tí ìbá rọra jó á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀kùn ò sì ṣeé ṣí nígbà tí ìwọ̀n bá ṣì wà lókè.

Sílíńdà mélòó?

Àwọn tó ní kí a kó o wá sí ilé ìwòsàn wa kì í sábà ṣe ìṣirò yìí. Ilé irin ẹlẹ́nì kan tí wọ́n ń fi ọ́síjìn kún lè máa lo lítà 240 ní ìṣẹ́jú kan. Fún ìṣẹ́jú 90, ìyẹn jẹ́ lítà 21,600. Sílíńdà gíga kan ń gba nǹkan bíi 7,000, nítorí náà sílíńdà 3 ló lọ sórí ènìyàn kan ní wákàtí kan àbọ̀. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi rọ́bà imú fún ní lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan á lo 7,200 ní odindi ọjọ́ kan: sílíńdà 1, pẹ̀lú ẹ̀ẹ́kù. Ní oṣù Kíní ọdún 2021, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé sílíńdà tí ilé ìwòsàn Yaba ń lò lójúmọ́ ti gòkè láti 70 sí 350. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kó sílíńdà 3 sínú àgbá kan ti gba ọ́síjìn lẹ́nu ẹni mẹ́ta.

Àpò rírọ̀ tí wọ́n ń tà fún ilé kò tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Ìwọ̀n 1.3 ló sábà ń dé, afẹ́fẹ́ lásán ni kọ́ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ sì ń fẹ́ sínú. Ọ́síjìn jẹ́ 21 nínú 100 afẹ́fẹ́. Ẹ fi 1.3 sọ 21 di púpọ̀, ẹ máa rí 27. Ìyẹn ni pé ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú àpò náà ń rí ohun tí ẹni tó ń mí ọ́síjìn 27 nínú 100 níta ń rí. Rọ́bà imú lásán, tí wọ́n bá yí i sí lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, ń fúnni ní nǹkan bíi 28.